Lẹ́yìn Abẹ, Ẹsẹ̀ Ni Ó Kàn

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti ń gbọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Èkó láti ọdún mélòó kan wá, tí ó sì tó àkókò láti sọ ní gbangba. Àwọn ará wa kan, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí ìsanra ti di àìsàn fún, ti lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti jẹ́ kí oníṣẹ́-abẹ gé àpòlúkù wọn kù, kí oúnjẹ tí wọn lè jẹ má baà pọ̀ mọ́. Nígbà kan rí, ìlú òyìnbó tàbí ilẹ̀ Íńdíà ni a ń gbọ́ pé wọ́n ń lọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀; nísinsìnyí a ń ṣe é ní Èkó àti ní Àbújá pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n padà sí ilé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí, àwọn ará ilé díẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n sì ń fi ìfẹ́ ṣe ohun tí ó lè pa wọ́n lára: wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀. Nítorí ìdùbúlẹ̀ yìí ni a ṣe mú kálámù.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a sọ ohun tí iṣẹ́-abẹ náà jẹ́, nítorí àhesọ tí ó wà nípa rẹ̀ pọ̀. Kì í ṣe ọ̀rá ara ni a ń gé dànù níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni ń gé ọ̀rá lára ẹran ọdún. Àpòlúkù, èyí tí í ṣe àpò tí oúnjẹ kọ́kọ́ ń bọ́ sí, ni a ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní ọdún 1966, Dókítà Edward Mason ti Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí dín àpòlúkù àwọn tí ó sanra rékọjá kù, ó sì ń so ìfun mọ́ apá kékeré tí ó kù. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí a gé lára àpòlúkù wọn nítorí ọgbẹ́ inú a máa rù, ìsanra kì í sì í tètè padà sí ara wọn. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jùlọ lóde òní yàtọ̀ díẹ̀: oníṣẹ́-abẹ a gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò pátápátá, èyí tí ó kù a sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ihò kéékèèké ni wọ́n sábà ń gbà wọ inú, wọn kì í la ikùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ aláìsàn a máa padà sí ilé láàrin ọjọ́ mélòó kan.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe fún ẹni tí ó kàn fẹ́ kí aṣọ ẹbí bá òun mu. Ní ọdún 1991, àwọn ọ̀mọ̀wé tí a pè jọ ní Amẹ́ríkà la ààlà rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá fi obìnrin tí ó ga ní mítà 1.60 wọn ọ̀rọ̀ wọn, ó ní láti wúwo tó kìlógíráàmù 102 kí a tó lè ronú abẹ fún un, tàbí 90 bí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá ti bá a. Ní ọdún 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́-abẹ tún ààlà náà fà sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹni tí ó tó 90 yẹ fún un àní bí àìsàn mìíràn kò bá sí. Ní ọdún kan náà, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí, ẹnì kan nínú ènìyàn 8 ní gbogbo ayé ni ó ń gbé pẹ̀lú ìsanra àsanjù. Àwọn kan ń pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Àpò sìmẹ́ńtì kan wúwo ní kìlógíráàmù 50. Kí ẹni tí ń sọ bẹ́ẹ̀ pọn ọ́n sẹ́yìn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kí ó gbé e gun àtẹ̀gùn ilé, kí ó gbé e lọ sí ọjà, kí ó sì gbé e sùn, kí ó tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ọ̀lẹ.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a dé orí ìdùbúlẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí abẹ bá ti kàn, bí ìyá ìkókó ni a ń tọ́jú rẹ̀. A ó tẹ́ ibùsùn fún un, a ó gbé omi gbígbóná sílẹ̀ dè é, a ó sì máa bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹun díẹ̀ sí i. Kì í ṣe àwa nìkan ni a ti rò bẹ́ẹ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 1940, àwọn dókítà òyìnbó fúnra wọn a máa fi ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́-abẹ fún sórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé ojú abẹ yóò já. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ibùsùn kò tó, àwọn nọ́ọ̀sì kò sì tó. A gbé àwọn aláìsàn dìde kíákíá, a sì rí i pé wọ́n tètè sàn ju àwọn tí ó dùbúlẹ̀ lọ. Àwọn àgbà tí ó gbọ́ àṣẹ ìdùbúlẹ̀ láti ẹnu nọ́ọ̀sì ìgbà náà ti fi í lé àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́. Àṣẹ náà ti yí padà. Ìròyìn ìyípadà rẹ̀ ni kò tíì dé gbogbo ìyàrá.

Ìdí ìyípadà náà kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ní láti gòkè padà sí ọkàn, iṣan ẹ̀yìn ojúgun ni ó sì ń fún un gòkè nígbà tí a bá ń rìn. Bí ẹsẹ̀ bá dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ a máa dúró bí omi gọ́tà tí pàǹtírí dí. Ó lè dì níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá sì já, tí ó ṣàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ènìyàn lè kú kí a tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé e. Ẹni tí ó sanra wà nínú ewu yìí ju ẹlòmíràn lọ, iṣẹ́-abẹ a sì tún fi kún ewu náà. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń gbé aláìsàn dìde ní ọjọ́ iṣẹ́-abẹ gan-an tàbí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí ó ń dì í mú láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà, tí aláìsàn sì ń wò ó bí ẹni pé ìkà ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. A fi ọ̀rọ̀ dá a ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ lè wà ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì èyíkéyìí ní Igbóṣẹ̀rẹ̀. Ó ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ, àjà kejì ni ó ń gbé, ó sì padà dé láti ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kẹrin. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti wá láti Ṣómólú láti tọ́jú rẹ̀. Ìyá náà dìde láti rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ṣé ẹ fẹ́ kí ojú abẹ já ni?”

“Àbúrò mi, dókítà ni ó ní kí n máa rìn.”

“Dókítà kò sí níbí, èmi ni mo wà níbí. Bí nǹkan bá ṣe yín, kí ni kí n wí fún Bọ̀ọ̀dá?”

Ìfẹ́ ni ó ń fọhùn, a kò sì lè bá a wí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbá sàn kí ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú, kí àwọn méjèèjì jọ rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà lọ, kí wọ́n sì rìn ín bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó, bí a bá ṣe é ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí, kí a máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí oṣù méjì bá fi pé, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti lè rìn fún ìṣẹ́jú 30 láìdúró. Ọjọ́ orí àti ìlera ẹni kí abẹ tó dé ni yóò sọ bí ẹsẹ̀ yóò ti yá tó, dókítà tí ó sì ṣe iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú tiwa. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ìwọ̀n kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: nígbà tí ìrìn bá ti di ìrìn gidi, kí ẹni tí ń rìn lè bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má lè kọrin. Àwọn akọrin inú ìjọ wa yóò mọ ìyàtọ̀ náà kí a tó pe ẹ̀ẹ̀kan.

Níbo ni a ó ti máa rìn? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ohun kékeré fún ará Igbóṣẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán, ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ Marwa a kún ojú ọ̀nà, ọlọ́jà a tẹ́ ọjà rẹ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ ìbá gbà, òkúta tí a fi bo gọ́tà a sì ti kán ní ibi tí ènìyàn kò fọkàn sí. Ẹni tí ara rẹ̀ ń yí padà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kò tíì mọ ìdúró ara tuntun náà dáadáa. Ó lè ṣubú ní ibi tí ọmọdé yóò fò kọjá. Nítorí náà kí ó jẹ́ kùtùkùtù, ní nǹkan bí aago mẹ́fà, kí oòrùn àti ọkọ̀ tó jí. Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi ni ọ̀nà ń ṣófo jùlọ, ẹni tí ó bá sì ń lọ sí ìsìn àkọ́kọ́ ní Holy Cross tàbí ní Kàtídírà tí ó wà ní Marina lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn ín, bí kò bá tíì ju agbára rẹ̀ lọ.

Fún ìrìn ojoojúmọ́, ẹni tí ó bá gbéra láti iwájú ilé ẹjọ́ gíga Igbóṣẹ̀rẹ̀, èyí tí a dáná sun ní oṣù October ọdún 2020, kò jìnnà sí Tafawa Balewa Square. Àwọn àgbà mọ ibẹ̀ sí pápá eré ẹṣin. Níbẹ̀ ni a ti gbé àsíá Nàìjíríà sókè ní October 1, 1960. Ọ̀nà tí ó yí i ká fẹ̀, a sì lè kà á bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀: ìdajì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Pápá Campos wà ní tòsí pẹ̀lú, bí àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù bá fi àyè sílẹ̀. Ibi tí ó wù wá jù ni Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ nígbà ìjọba òyìnbó. Ní ọdún 2010 a ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́, igi wà níbẹ̀, ìbòòji wà, ọkọ̀ kò sì lè gbá ènìyàn. Ibi tí a ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ rí ti di ibi tí a ti ń na ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa ara wa níhìn-ín. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó fòfin de ọ̀kadà ní Erékùṣù ní June 2022, a mọ àwọn tí ń gun ún láti Igbóṣẹ̀rẹ̀ lọ sí Tinúbu, ọ̀nà tí kò tó máìlì kan. Àwọn ìyá tí ó bí wa ru igbá ọjà gba ọ̀nà kan náà lọ, wọ́n sì rù ú bọ̀, wọn kò sì pè é ní eré ìdárayá.

Bí òjò oṣù kẹfà kò bá jẹ́ kí ènìyàn yọjú, àtẹ̀gùn ilé wà. Nípa àtẹ̀gùn, ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ìdílé mọ̀. Ní ọdún 1953, Dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní ìlú London. Awakọ̀ jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé òpin rẹ̀. Kọ̀ńdọ́ ń gùn lọ sí òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kí ó lè gba owó, nǹkan bí ìgbésẹ̀ 500 sí 750 ní ọjọ́ iṣẹ́ kan. Bọ́ọ̀sì kan náà ni, ojú ọ̀nà kan náà ni; síbẹ̀ àìsàn ọkàn mú àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ńdọ́ lọ, nígbà tí ó bá sì mú kọ̀ńdọ́, kì í sábà le tó ti awakọ̀. Láti inú ìwádìí yẹn ni ọ̀pọ̀ ohun tí ayé mọ̀ lónìí nípa ìrìn àti ọkàn ti bẹ̀rẹ̀. (A kò mọ ohun tí Dókítà Morris ìbá wí nípa kọ̀ńdọ́ dánfó ti Ọbáléndé, tí í fò mọ́ ọkọ̀ nígbà tí ó ti ń sáré.) Ìyá wa tí ń gbé ní àjà kejì kò ṣe aláìní ibi ìdárayá, nígbà náà. Kí ó di igi àtẹ̀gùn mú, kí ó rọra, kí ó sì dúró mí ní àárín.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó gbé ẹrù. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, àwọn oníṣẹ́-abẹ kì í fẹ́ kí a gbé ohun tí ó ju nǹkan bí kìlógíráàmù 5 lọ, nítorí inú ikùn kò tíì jinná bí awọ òde ti jinná, ìfun sì lè yọ gba ojú abẹ. Ẹ wo ohun tí èyí jẹ́ nínú ilé Èkó. Korobá omi lítà 10 wúwo ní kìlógíráàmù 10. Kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń gbé omi gun òkè jẹ́ 25. Iyán gígún kò sí nínú rẹ̀. Fífọ aṣọ gbogbo ilé kò sí nínú rẹ̀. Bí ọmọ-ọmọ bá na ọwọ́ sókè pé kí a gbé òun, kí ìyá àgbà jókòó, kí ọmọ fúnra rẹ̀ gun itan. A ti rí àwọn ìdílé tí wọ́n ní kí aláìsàn má rìn, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi korobá sílẹ̀ fún un ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Wọ́n yí ìmọ̀ràn dókítà padà, ohun tí ó sọ sí ọ̀tún ni wọ́n fi sí òsì.

Nígbà tí dókítà bá ti fún un ní ààyè, iṣẹ́ mìíràn tún kù tí ìrìn nìkan kò lè ṣe. Bí ara bá ń rù kíákíá, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ní ń lọ. Ẹran ara tí ń gbé egungun ró ń bá a lọ. Ó dà bí ilé tí a ń tú lára rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń yọ òpó pọ̀ mọ́ bíríkì. Ohun tí ń sọ fún ara pé kí ó fi òpó sílẹ̀ ni kí a máa lò ó. Kí ó jókòó sórí àga tí ó dúró ṣinṣin, kí ó sì dìde láìfi ọwọ́ tì í, ní ìgbà mẹ́wàá. Kí ó dúró níwájú ògiri, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í, kí ó tẹ̀ sí i, kí ó sì ti ara rẹ̀ padà. Kí ó mú ìgò omi kékeré méjì, ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó gbé wọn sókè, kí ó sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún irú èyí ní ọdún 2020, ó kéré tán, pẹ̀lú ìrìn tàbí eré mìíràn tí ó tó ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Bí a bá pín 150 sí ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 30 ni. Kò tó àkókò tí a fi ń wo eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n.

Omi ṣòro fún un ju bí a ti rò lọ. Àpòlúkù kékeré kò lè gba ife omi kan ní ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá da omi inú ọ̀rá mu gbùn-gbùn yóò pọ̀ ọ́. Síbẹ̀ oòrùn Èkó kò mọ̀ pé ẹnì kan gba abẹ. Kí ó máa gbé ìgò dání, kí ó máa fẹnu kàn án díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, kí ó má sì mu ún pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ó tó mu ún. Àìtó omi jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ń dá irú wọn padà sí ilé ìwòsàn. Nípa oúnjẹ, ohun tí ń kọ́ ẹran ara ni kí ó kọ́kọ́ jẹ: ẹja, ẹyin, adìẹ, ẹ̀wà. Gíráàmù 60 sí 80 irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni a ń retí lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin kan kò ní ju nǹkan bí 6 lọ, nítorí náà ẹyin nìkan kò lè ṣe é. Ọjà Sandgrouse, tí a mọ̀ fún ẹja, edé àti ìgbín, kò jìnnà sí Igbóṣẹ̀rẹ̀. Kí àbúrò tí ó wá láti Ṣómólú gba ibẹ̀ lọ kí ó tó ronú ẹ̀bà. Málítì àti ohun dídùn ni ọ̀tá. Lára ẹni tí a so ìfun rẹ̀ mọ́ àpòlúkù kékeré, ṣúgà a máa sáré wọ ìfun, òógùn a bò ó, àyà rẹ̀ a máa lù kìkì, òyì a sì kọ́ ọ. Ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà kò gbọ́dọ̀ fò wá. Ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó tó gba abẹ lè rí i pé ìwọ̀n àtijọ́ ti pọ̀ jù fún ara tuntun, àní láàrin ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá ń lò ó bẹ́ẹ̀, tí ó sì jáde rìn láìjẹun, ó lè ṣubú lójú ọ̀nà. Kí ó má dín in kù fúnra rẹ̀. Kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà kí a tún un wọ̀n.

Ẹ tún ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí: bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tí ẹ̀yìn ojúgun sì ń dùn ún, bí mímí bá dédé ṣòro, tàbí tí àyà ń dùn ún, bí ibà bá dé, tí ọkàn rẹ̀ ń sáré nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí inú ń dùn ún tí kò dẹwọ́, bí èébì kò bá dáwọ́ dúró. Ilé ìwòsàn ni ẹsẹ̀ yẹ kí ó forí lé ní ọjọ́ náà, kì í ṣe pápá, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò ní kí a fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́.

A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìrìn kò lè ṣe ohun tí abẹ ṣe. Bí a bá fi ìwọ̀n nìkan ṣe ìdájọ́, ẹni tí ń rìn lẹ́yìn abẹ àti ẹni tí kò rìn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bára wọn dọ́gba ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, èyí sì ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ dáwọ́ dúró. Ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, ‘Mo ń rù láìrìn, kí ni mo ń jí fún ní aago mẹ́fà?’ Ṣùgbọ́n láàrin ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀, rírù náà a dúró. Ebi a bẹ̀rẹ̀ sí padà. Nígbà náà ni a ó mọ ẹni tí ó ti kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní iṣẹ́, nítorí ìsanra lè padà sí ara ẹni tí a gé àpòlúkù rẹ̀ kù, ó sì ti padà sí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìrìn a máa ran ni lọ́wọ́ láti di ohun tí a ti rí gbà mú. Èrè mìíràn sì wà tí ìwọ̀n kò lè kà: oorun tí ó dára, èémí tí ó tó gun òkè, orúnkún tí ń kúnlẹ̀ fún àdúrà tí ó sì ń dìde láìsí olùrànlọ́wọ́.

Nísinsìnyí, ahọ́n ènìyàn. Bí ènìyàn bá sanra ní ilẹ̀ wa, a ní owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá rù, a ní ìyà ń jẹ ẹ́ tàbí àìsàn tí a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ni ó ń ṣe é. Ìyá tí ó ti sọ kìlógíráàmù 30 nù yóò jáde lọ rìn, aládùúgbò yóò sì pàdé rẹ̀ ní iwájú ilé: “Ìyá, kí ló dé? Ẹ mà ti rù o! Ṣé kò sí?” Ní ọjọ́ kẹta ó lè má jáde mọ́. A mọ̀ pé ìkíni ni wọ́n pè é. Kò sí ẹni tí ó jẹ aládùúgbò ní gbèsè àlàyé nípa inú ara rẹ̀. “Mo dúpẹ́, ara mi le” ti tó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa tí ń kí ni rò ó kí a tó la ẹnu.

Àwọn mìíràn ń fi Ìwé Mímọ́ bo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótíù, ó sì fojú kéré eré ìdárayá. Kí wọ́n padà ka orí kẹrin ìwé kìn-ín-ní náà. Pọ́ọ̀lù fi ìwà-bí-Ọlọ́run ṣáájú, bí ó ti yẹ. Kò pe ìdárayá ní asán, òun fúnra rẹ̀ sì rin ilẹ̀ Éṣíà já. Ní ti àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá inú ìjọ Erékùṣù, a rò pé iṣẹ́ kan wà fún wọn níhìn-ín tí kò gba owó. Bí obìnrin mẹ́fà bá pàdé ní ẹnu ọ̀nà ìjọ ní òwúrọ̀ Sátidé tí wọ́n sì jọ rìn, kò sí ẹni tí yóò mọ èwo nínú wọn ni ó gba abẹ, èwo ni dókítà kìlọ̀ fún nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, èwo ni ó kàn fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Ọkọ pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Kí ó pọn omi fún oṣù kan àbọ̀ náà tàbí kí ó wá ẹni tí yóò pọn ọ́n, kí ó sì yé bi í léèrè lójoojúmọ́ pé ìwọ̀n ti jẹ́ mélòó.

Kí ìyá náà ní ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ìṣẹ́jú tí ó rìn sínú rẹ̀, ìgbà tí òyì kọ́ ọ, àti ìgbà tí ẹsẹ̀ kú tipiri. Ẹsẹ̀ kíkú lè jẹ́ àmì pé fítámíìnì B12 ti dín nínú ara, nítorí àpòlúkù tí a gé kò rí gbogbo rẹ̀ fà yọ mọ́ láti inú oúnjẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń ní kí wọ́n máa lo fítámíìnì, irin àti èròjà egungun títí ayé, àní nígbà tí ara bá ti le. Àwọn oníṣẹ́-abẹ a sábà fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní oṣù kẹta, oṣù kẹfà àti oṣù kejìlá, lẹ́yìn náà ní ọdọọdún. Kí ó mú ìwé náà dání nígbà tí ó bá ń lọ.